Bí ìwé ilẹ̀ bàbá wa ṣe dé Jámánì láì gba ojú ọjà

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà ní Hamburg ni wọ́n ní kí n fi ìwé ilẹ̀ bàbá wa tó wà ní Mọ́níyà ránṣẹ́, survey plan, àgírímẹ́ǹtì, gbogbo rìsíìtì, pẹ̀lú NIN màámi. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Agbowó. Ọmọkùnrin yẹn ń sikáànì lọ, mo bá yọjú wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, háà! Sàtífíkéètì oníṣàtífíkéètì, ìwé ilẹ̀ onílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà lójú désítọ́ọ̀pù gbalaja. Mo ní kó pa tèmi rẹ́ níṣojú mi, ó pa á rẹ́, mo ní kó wọnú recycle bin náà kó dà á nù, ó wò mí bíi pé orí mi ò pé àmọ́ ó ṣe é. Ìbàdàn yìí tí wọ́n lè ta ilẹ̀ kan fún èèyàn mẹ́ta?

Nílé, mo fi fóònù sikáànì ẹ̀ fúnra mi. Àbúrò mi ní kí n fi WhatsApp ránṣẹ́ jàre, ṣebí wọ́n ti tì í pa láti fóònù dé fóònù. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè kà á lójú ọ̀nà, àmọ́ ibi tó bá dé ńkọ́? Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi fóònù yẹn gbá géèmù, bákọ́ọ̀pù ẹ̀ tó ń lọ sórí Google Drive náà ò sì ní títì yẹn àfi téèyàn bá lọ tan án fúnra ẹ̀.

Firefox Send tí mo fẹ́ràn, tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Mozilla tó ni ín ti pa á tì láti September 2020. OnionShare dáa gan-an, tààrà látorí kọ̀ǹpútà mi ni wọ́n á ti fà á gba orí Tor, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn ò gbọdọ̀ kú títí wọ́n á fi fà á tán. Pẹ̀lú iná àdúgbò wa? Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Ti MEGA tí wọ́n ń kó fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú líǹkì gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ máa ń wà, lẹ́yìn àmì # yẹn, tí líǹkì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ó ti gba ilé gba kọ́kọ́rọ́.

Mo bá ní èmi ni màá tì í kó tó kúrò nílé. 7-Zip ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń di fáìlì pọ̀ tó sì ń fi pásíwọ́ọ̀dù tì í, ọ̀fẹ́ ni. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan, mo mú irú fáìlì 7z dípò zip, AES-256, ọ̀nà ìtìpa tó lágbára, ló fi ń tì í, mo sì maàkì "Encrypt file names", torí tẹ́ ò bá maàkì ẹ̀, ẹni tí ò lè ṣí i á ṣì máa ka orúkọ fáìlì "survey Moniya" níta. Mo gbé e sórí Google Drive, mo fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo wá pè wọ́n lórí fóònù fún pásíwọ́ọ̀dù, torí àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà kan náà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Oríkì ilé wa ni mo fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù, pẹ̀lú àmì ohùn pé pérépéré, mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ó kọ̀, wọ́n ní "ṣé ìwọ náà mọ oríkì wa báyìí?" Wọ́n ya fọ́tò ohun tí wọ́n tẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan sí tèmi! Ó gbà mí tó wákàtí kan kí n tó rídìí ẹ̀: kíbọ́ọ̀dù tèmi máa ń mú ẹ kó tó lé àmì ohùn sórí ẹ̀, tiwọn ń mú é kó tó fi tóótó sábẹ́. Lójú tiwa ọ̀kan ni, kọ̀ǹpútà ní méjì ni.

Mo tún un tì, ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ò jọra wọn, tí ò lámì kankan, mo ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Mo wá yọ líǹkì yẹn kúrò.

Wọ́n ní kí ló dé tí ojú ewé kejì àgírímẹ́ǹtì fi dorí kodò.