Ẹ Má Náwó Lọ Wo Yanrìn: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Ti Ìjẹ̀bú Lọ sí Gberefu

Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò tó wálé ọdún sí Ìjẹ̀bú-Òde á ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun. Wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á di kúlà, ó di erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà pẹ̀lú yanrìn nínú bàtà àti ìbínú lẹ́nu: "Igi àgbọn àti òpó méjì la lọ wò!" Wọn ò purọ́. Àwọn ni wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ṣe é.

1. Ẹ má gbéra ní agogo mẹ́wàá. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, dé Berger, dé Oṣòdì, dé Mile 2, ojú ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ yẹn, nǹkan bí 50 kìlómítà ṣì ń dúró dè yín. Agogo márùn-ún ìdájí ni kí bọ́ọ̀sì ti kúrò. Ẹni tó bá jẹ ìkòkòrè tán kó tó gbéra, ìgbà tí àwọn yòókù ń padà ni yóò dé etí ọ̀sà.

2. Káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ọkọ̀. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ nìyẹn, aṣọ́bodè pọ̀ níbẹ̀ ju gálọ́ọ̀pù lọ.

3. Ẹ má sáré wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Gberefu ni ìparí ìtàn náà, inú ìlú Àgbádárìgì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí erékùṣù, yanrìn nìkan ni yóò rí lóòótọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà ẹrú Vlekete, kí ẹ ti ibẹ̀ lọ sí àgọ́ ẹrú Ṣẹ̀ríkí Williams Abass, ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí kó tó di oníṣòwò ẹrú. Yàrá 40 ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ọ̀kan fún yín, kí ẹ̀yin mẹ́wàá wọlé, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì péré. Fèrèsé ibẹ̀ kò ju ihò kékeré lókè lọ. Ooru á mú yín, òógùn ẹnì kan á kan ẹlòmíì, ẹ̀yin náà á máa wá ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń de ẹrú ní ilé ìdílé Mobee, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìgbà náà ni kí ẹ wá sọdá. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá fẹ́ sí yín lójú, ẹ ó mọ ohun tí ẹni tó ti inú yàrá yẹn jáde rí. Ní erékùṣù, kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ìtàn ibẹ̀ ni pé wọ́n ń mú ẹrú mu omi rẹ̀ kó lè gbàgbé ilé. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn kọ́kọ́, ṣe ni yóò kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára dọ́rọ́ọ̀mù, kó lè tètè débi fọ́tò.

Wákàtí mẹ́ta ni kí ẹ fún ìlú, kí amọ̀nà kan ṣoṣo sì bá yín dé òpin. Owó ìwọlé ibì kọ̀ọ̀kan dá dúró, nítorí ìdílé ló ni òmíràn; ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbéra. Àwa tí à ń kó èrò náà jẹ̀bi o. Olówó ní ká máa lọ sí òkun tààrà, àwa náà á ní "bẹ́ẹ̀ ni sà".

Ti ọkọ̀ ojú omi: àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹ ná kí ẹsẹ̀ tó kan ọkọ̀. Ẹ san ìdajì, ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀, kí ìdajì tó kù di ìgbà tí ẹ bá padà. Ẹni tó san àlọ nìkan, iye tí wọ́n bá pè fún un lódì kejì ni yóò san, kò sí afárá. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ra. Èyí tí ẹ gbé kọ́ èjìká fún fọ́tò á bọ́ lọ bí ẹ bá kó sómi.

Bàtà gogoro ńkọ́? Ẹ fi sínú bọ́ọ̀sì. Yanrìn ibẹ̀ jìn, oòrùn ọ̀sán á sì mú un gbóná. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí, àlọ nìkan. Sàǹdáàsì tó ní okùn lẹ́yìn ló dára, pẹ̀lú ìgò omi ńlá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àgbàlagbà bá wà láàárín yín, ẹ béèrè ọ̀kadà ní etí omi kó tó di pé ẹsẹ̀ wú.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Òkun nìyẹn, kì í ṣe ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ìgbì tó ń padà á gbẹ́ yanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, á sì wọ́ yín lọ, bí omi náà ò tilẹ̀ ju orúnkún lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo ìrẹsì olówó pọ́ọ́kú lójú ọ̀nà àbọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù á já a gbà, wọ́n sì lè dá bọ́ọ̀sì dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ra àgbọn. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìwé rẹ̀.