Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe àgbo orin ìbílẹ̀ fọ́mọdé àti òbí ní Ìjẹ̀bú, láìsí sípíkà ńlá

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, bí òwàǹbẹ̀ ni mo ṣe é. Mo háyà sípíkà méjì gbàgìdì, mo to àga tẹ̀yìntẹ̀yìn, mo wá gbé máìkì fún ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń ṣe MC níbi ìgbéyàwó. Háà! Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń pe àwọn ẹni iyì sí háítébù, kí ìlù tó dún àwọn kan ti sùn lọ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn, àwọn tó kù ń sáré yí kánópì ká, nígbà tí ìlù wá dún tán wọ́n fọwọ́ di etí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá wá, elégbè ni, kò sí ònwòran níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, àsìkò Iléyá ló dáa jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn ará Èkó á ti wálé tọmọtọmọ, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé gúmọ́nìn ni wọ́n fi ń kí ìyá àgbà. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ Ojúde Ọba gangan o, ẹṣin àti aṣọ ẹgbẹ́ ni gbogbo ojú máa wà. Ẹ mú un sí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi tàbí àgbàlá ti tó. Ẹní ni kẹ́ ẹ tẹ́, àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé àga fún. Ẹ̀yin ará Ṣágámù àti Ìpẹru, Sátidé èyíkéyìí tí kò bá ti sí òkú àgbà ládùúgbò yín ló dáa.

Onílù mẹ́ta ti tó: onígángan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, alágídìgbo. Ẹ sọ̀rọ̀ owó tán kó tó di ọjọ́ náà, ẹ sì bẹ onígángan kó má lọ sọ́dọ̀ bàbá tó gbé jíìpù wá. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá yẹn pẹ́nrẹ́n, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀, àwọn ọmọ ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, ẹ mọ Ìjẹ̀bú àti ìnáwó.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí onígángan jókòó sáàárín, kó fi han àwọn ọmọ pé tóun bá fún ọṣán mọ́ra lábẹ́ abíyá, ohùn á lọ sókè, tóun bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Kó má wá sọ nǹkan kan lẹ́nu mọ́. Á lu dò-mí: ta nìyẹn? Bọ̀dé! Á lu mí-re, Kẹ́mi á fò sókè. Lọ́jọ́ kan ó lu mí-mí, Títí àti Bọ́lá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà dé, kálukú ní òun ni wọ́n pè. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè ṣàlàyé fún wọn pé ohùn nìkan ni ìlù ń gbé, torí ẹ̀ ni onílù ṣe máa ń fi oríkì kún orúkọ kó má baà ṣi ẹni mú. Ó fi orúkọ bàbá Títí kún un, Bọ́lá bá jókòó, ṣùgbọ́n ó dijú mọ́rí gan-an.

Orin ńkọ́? Kí ègbè má ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fáwọn ọmọ láti fi tiwọn sí i. Èmi a lé e pé "Kí la ó fi mu gàrí?", wọ́n á gbè é pé "Ẹ̀pà ni, ẹ̀pà ni!", lẹ́yìn náà kálukú á mú tiẹ̀ wá, súgà, ẹja díndín, ọmọ kan tiẹ̀ ní áìsìkirimù, a ṣáà gbè é bẹ́ẹ̀. Tí ìyá àgbà kan bá dá orin lóhùn Ìjẹ̀bú, ẹ má tún un ṣe fún wọn o, bó ṣe dá a ni kí wọ́n gbè é.

Àgídìgbo, tí Haruna Ishola ará Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń lò nínú àpàlà ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara àpótí ẹ̀ bó ṣe ń dún. Wọ́n á gbọ́ ọ nínú egungun, ẹnu wọn á pa rọ́rọ́.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ike omi òfìfo wá fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ da àgbàdo gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan sí i, tó bá pọ̀ jù kò ní dún. Ẹ fi sẹ́lótéèpù wé ìdérí ẹ̀ gbọningbọnin, torí àwọn kékeré á ki àgbàdo bọ imú. Òfin kan ṣoṣo: tí agogo bá ti dún lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ike dákẹ́. Kẹ́ ẹ wá wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń retí ẹ̀!

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ti tó, ẹ parí ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ sí i. Ìparí ni kẹ́ ẹ pín ìpanu, ọwọ́ tó bá mú búrẹ́dì ò lè pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ike wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí á máa bú yín nínú mọ́tò títí dé Èkó.