Bí Òbí Ṣe Lè Bá Ilé-Ìwé Sọ̀rọ̀ Nígbà Tí Òfin Rẹ̀ Kò Bá Tẹ́ ẹ Lọ́rùn

Ọmọ yín ti ilé-ìwé dé, ó na ìwé pélébé kan sí yín: wọ́n ti gba fóònù rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i gbà títí sáà yóò fi parí. Òbí kan á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lójú ẹsẹ̀, á forí lé ilé-ìwé láti lọ bá tíṣà fa wàhálà. Òmíràn á ká ìwé náà sápò, á ní ohun tí ilé-ìwé bá ti sọ ni abẹ gé. Àwọn méjèèjì ló pàdánù, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ kò mọ ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dúró sí, ẹnì kejì kò sì mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ tiwa. Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1948, sọ ní Abala 26 pé òbí ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́ ọmọ rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1966 lórí ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà fi kún un pé òbí lè mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé tí kì í ṣe ti ìjọba, níwọ̀n ìgbà tí ilé-ìwé náà bá ti dójú òṣùwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀, àti pé ó lè rí sí i kí ẹ̀kọ́ ìsìn àti ti ìwà tí ọmọ ń gbà bá ìgbàgbọ́ ilé mu. Ẹ kíyè sí i pé yíyàn ni ìwé méjèèjì ń sọ. Wọ́n fún òbí lágbára láti yan. Wọn kò fún un lágbára láti wọ kíláàsì lọ máa pín iṣẹ́ fún olùkọ́. Yíyàn náà gan-an ní ààlà, ààlà ọ̀hún sì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí lè fi ọmọ sílé kí ó máa kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ní Jámánì, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn òbí kan sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ilé-ẹjọ́ náà kò dá wọn láre ní ọdún 2006.

Bí yíyàn bá ni agbára yín, a jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ni agbára náà pọ̀ jù lọ. Kí bírò tó kan ìwé, ẹ béèrè fún ìwé òfin ilé-ìwé lódindi, kì í ṣe ojú-ewé kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣàkótán rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó sọ nípa irun àti aṣọ, nípa ẹni tó lè dá ọmọ dúró sílé àti iye ọjọ́ tí ó lè jẹ́, nípa owó tí wọn kì í dá padà, àti nípa bóyá wọ́n lè ya fọ́tò ọmọ kí wọ́n sì gbé e síta. Gbólóhùn kan wà tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó ní ilé-ìwé lè yí àwọn òfin wọ̀nyí padà nígbàkúùgbà. Ẹ má fò ó. Ẹ béèrè bí wọn yóò ṣe fi tó òbí létí, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé, irú òfin tó ń dùn yín ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe jà. Òfin ètò wà, bí àkókò tí wọ́n ń ti géètì, aṣọ ilé-ìwé àti ìsinmi. Èyí kì í sábà wó lulẹ̀ bí òbí bá gbé e lọ sí kóòtù. Bàbá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ rẹ̀ lọ lo ìsinmi láàárín sáà lẹ́yìn tí ọ̀gá ilé-ìwé ti kọ̀. Wọ́n ní kí ó san owó ìtanràn £60, ó ní òun kò san. Ó jàre ní ilé-ẹjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ìtumọ̀ wíwá sí ilé-ìwé déédéé ni pé kí ọmọ wá bí òfin ilé-ìwé ṣe là á sílẹ̀.

Òfin tó kan ara àti iyì ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989 sọ ní Abala 28 pé ìbáwí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bá iyì ọmọ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn mu. Ṣáájú rẹ̀, ìyá méjì ní Skọ́tíláǹdì ti gbé ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń na ọmọ lọ sí ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tí mo mẹ́nu bà lókè, wọ́n sì jàre ní ọdún 1982. Ohun tó wú mi lórí nínú ẹjọ́ náà ni pé wọn kò tíì na ọmọ kankan nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn ìyá náà dúró lé ni pé nínà kò bá ohun tí àwọn gbà gbọ́ nípa títọ́ ọmọ mu, ilé-ẹjọ́ sì ní ó yẹ kí ìjọba bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ irú òfin yìí ni, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ ní ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, nítorí apá kejì yìí ni ọmọ máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ kíláàsì. Mo ti kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́rin rí sí ilé-ìwé kan, mo ka ẹ̀sùn mẹ́jọ sílẹ̀. Ẹyọ kan tó rọrùn jù lọ ni wọ́n fèsì sí, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń fi sínú lẹ́tà kan, báyìí:

“Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ẹ gba fóònù ọmọ mi, ẹ sì ní ó di ìparí sáà. Mo gbà pé kò yẹ kí ó mú un wá sí kíláàsì. Ìwé òfin tí ẹ fún wa sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń tọ́jú fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òfin náà ti yí padà, ìgbà wo ni ó sì yí padà? Inú mi yóò dùn láti rí èsì yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.”

Lẹ́tà yìí kò bú ẹnikẹ́ni, ó gba ẹ̀bi tó yẹ kí ó gbà, ó sì fi ọwọ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ohun tó kọ. Bí olùkọ́ kò bá fèsì, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, lẹ́yìn rẹ̀ ìgbìmọ̀ alákòóso, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fo àtẹ̀gùn kan ni wọ́n máa ń dá padà sísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òfin náà gan-an ni kò dára, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni kí ẹ gbé e lọ, nítorí ohun tí òbí ogún bá fọwọ́ sí kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ kan mọ́. Kí ọmọ máa pa òfin ọ̀hún mọ́ títí tí wọn yóò fi yí i padà, àyàfi èyí tó bá lè pa á lára.

Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ ka ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí sókè kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà.