Bí Sitátà Jẹnẹrétọ̀ Kò Bá Dáhùn: Ohun tó Yẹ ní Yíyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Jẹnẹrétọ̀ tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ tan wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé báyìí, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fa omi sí adágún ẹja àti àwọn tó ń sin òròmọdìẹ tí iná kò gbọdọ̀ kú mọ́ lórí. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò sì dáhùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbà pé sitátà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè tan, ti jó, wọn á sì lọ ra òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú náwó, nítorí pé bátìrì àti àwọn ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ra ni àléébù náà ti sábà máa ń wá.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí ìta gbangba, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná tàbí sìgá sún mọ́ bátìrì.

Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fà. Bí ó bá fà wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ̀rọ sì tan, ara ẹ́ńjìnnì le. Ọ̀nà iná sitátà nìkan ni kí ẹ wá àléébù náà sí. Bí okùn náà bá le koko tí kò ṣeé fà, ẹ́ńjìnnì ló há, ẹ má sì yí kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fetí sí ìró rẹ̀. Bí kò bá sí ìró kankan, ẹ wo fíúsì, ẹ wo bóyá wáyà kan ti yọ tàbí eku ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì wo bátìrì. Ìró kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ léraléra máa ń fi hàn pé bátìrì ti rẹ̀ tàbí pé orí rẹ̀ kò dè dáadáa. Bí ó bá dún “kò!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí bátìrì àti wáyà sì dára, ẹ fura sí súlẹ́nọ́ìdì (ẹ̀yà tó ń gbé iná bátìrì lọ sí sitátà bí a bá yí kọ́kọ́rọ́) tàbí sitátà fúnra rẹ̀. Bí sitátà bá ń yí fíofío tí ẹ́ńjìnnì kò bá a yí, jíà kékeré orí rẹ̀ ni kò mú eyín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò kàn fẹ́ tan, sitátà kò jẹ̀bi: ẹ wo bẹntiróòlù, pílọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì, nítorí pé ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni kì í jẹ́ kí pílọ́ọ̀gì tan iná bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní mítà tí a fi ń wọn fólítì, bátìrì fólítì 12 tó kún tó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀ yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn, bí ó bá jẹ́ 12.0 tàbí kó dín, ẹ lọ ṣáájì rẹ̀. Bí ó bá já sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sitátà ń yí, bátìrì náà ti ń gbó.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ orí bátìrì, wáyà nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn, kí sípánà má baà fa iná bí ó bá kan ara ẹ̀rọ. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ po báíkábónéètì sí fọ ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ̀, ẹ fi sáńdípépà ha á títí yóò fi dán, kí ẹ sì dè é pinpin. Èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù ni nọ́ọ̀tì tó so wáyà nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ ara ẹ́ńjìnnì: ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan tó láti mú kí bátìrì tuntun dàbí òkú.

Ẹ má yí sitátà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó tún yí i, torí ooru ló ń jó o. Ẹ má sì fi sukúdíráfà so orí méjì súlẹ́nọ́ìdì pọ̀, nítorí pé ẹta iná tó ń jáde lè ran bẹntiróòlù.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà fi nǹkan bí 13.5 sí 14.5 hàn lórí bátìrì. Bí kò bá gòkè, ọ̀nà ìṣáájì ló bàjẹ́, bátìrì tuntun tí ẹ bá rà yóò sì kú bákan náà. Bí gbogbo èyí bá sì pé tí sitátà kò ṣì dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, kí ẹ sì ní kó kọ́kọ́ wo káábọ̀n inú sitátà náà, ìyẹn ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú rẹ̀, nítorí pé káábọ̀n tó ti jẹ tán ṣeé pààrọ̀ láìra odindi sitátà.