Kí Ajá Kú Wọ́ọ́rọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nílé Ààbò Ẹranko

Ajá kan wà tí mi ò lè gbàgbé láé. Ọkọ̀ gbá a lójú títì, ẹ̀yìn rẹ̀ kán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti kú. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n gbé e wá sílé ààbò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa pé kò ní yè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu òun jáde. Ọ̀kan ní ká gbàdúrà. Òmíràn ní Ọlọ́run tó dá a ló mọ ìgbà tó máa pè é. A dúró de ọjọ́ Ajé tí dókítà ẹranko máa ń wá, ajá náà sì ń ké títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé àṣìṣe wà nínú pípa ẹranko, abẹ́rẹ́ àti oògùn ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Àṣìṣe tó kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n kò ní abẹ́rẹ́ nínú rárá: a pẹ́ jù.

Ilé ààbò gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé: irú ìpalára wo ni kò ní àtúnṣe, dókítà wo la lè pè lóru, ta ló láṣẹ láti sọ pé ó tó. Òdìkejì rẹ̀ náà wọ́pọ̀, ìyẹn ni pé kí àyè kún, kí wọ́n máa pa ajá tó jẹ́ pé kúrùnà lásán ló ń bá a jà. Kúrùnà ń gbóògùn. Ẹ wá oògùn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo èyí tó kù ni pé oorun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ikú tó tẹ̀ lé e. Kí ẹranko má mọ nǹkan kan mọ́ kí èémí àti ọkàn rẹ̀ tó dúró. Orí èyí náà ni ìwé ìtọ́ni AVMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, dúró lé, èyí tí wọ́n tún gbé jáde ní 2020. Bí ètò yẹn bá dojú rú, ẹranko náà ti jìyà, bó ti wù kí inú ẹni tó ṣe é dára tó.

Ẹ wo májèlé. Àwọn kan á fi ọ̀tá-pia-pia sínú ẹran, wọ́n á ní ó yá, kò sì gbówó lórí. Ohun tí oògùn kòkòrò ń ṣe ni pé ó ń da gbogbo iṣan ara rú: itọ́ á máa dà, gìrì á máa gbé ajá náà, kò ní lè mí dáadáa, ojú rẹ̀ á sì là sílẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹran tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, ológbò aládùúgbò lè jẹ ẹ́, ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, ní abala 495, sì ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀.

Rírì sómi náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú báàkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ilé ń ju ọmọ ológbò sí. Ọgbọ́n ayé àtijọ́ ni. Ní New York pàápàá, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, wọ́n máa ń kó ajá ìgboro sínú àgò irin, wọ́n á sì tì í sínú odò East River. Àwọn tó ń jà fún ẹranko ló gbìyànjú títí ìyẹn fi dópin. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọmọ tuntun lè fara da àìrí afẹ́fẹ́ mí ju ìyá rẹ̀ lọ, nítorí náà ikú rẹ̀ ń pẹ́ sí i ni. Kékeré rẹ̀ kò sọ ìyà náà di kékeré.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù lọ ni èyí tí àwọn tó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ń ṣe, torí wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí jù fún ajá àti ológbò ni pentobarbital, oògùn oorun tó lágbára, kí dókítà tàbí ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní Nàìjíríà, kì í rọrùn láti rí. Àìrí yẹn ló ń mú kí àwọn kan máa mú ohun tó bá wà nítòsí. Xylazine, oògùn tí dókítà fi ń mú ẹranko dákẹ́, kì í fún un ní oorun tó jinlẹ̀ bó bá dá wà. Ẹranko á dákẹ́, á sùn lọ lójú tìrẹ, ṣùgbọ́n bí o bá gún un níbi tó ń dùn, ó lè mọ̀ ọ́n. Potassium chloride, èyí tó ń dá ọkàn dúró, nínú ara ẹranko tí ojú rẹ̀ ṣì là jẹ́ ìrora ńlá. Èyí tó burú jù ni oògùn tó ń rọ iṣan ara: ẹranko kò lè mira, kò lè ké, kò sì lè mí, bẹ́ẹ̀ ló mọ ohun gbogbo. Ẹni tó ń wò ó á ní, "Ẹ wò ó, ó kú wọ́ọ́rọ́." Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí pentobarbital kò bá sí, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ kùn ún lóorun pátápátá, bí ìgbà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó dán an wò pé kò mọ nǹkan kan mọ́, kó tó ṣe èyí tó kù. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ inú ọkàn: a kì í gún ọkàn ẹranko tó ṣì mọ̀ pé òun wà láyé, kò sí ọ̀rọ̀ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé rí.

Kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ̀rù ti lè ba ẹranko náà tó. Ẹ má wọ́ ọ kọjá níwájú àwọn tó kù nínú àgò. Ẹ má ṣe é níbi tí wọ́n ti ń gbóòórùn ti èyí tó ṣáájú. Ẹni tó máa ń fún un lóúnjẹ ni kó dì í mú. Ajá mọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ológbò, ẹ fi aṣọ ìnura wé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ má yára. Èémí máa ń dúró kí ọkàn tó dúró, ojú sì lè là sílẹ̀ nínú òkú. Wọ́n ti gbé èyí tí kò tíì kú sínú àpò rí. Ẹ gbọ́ ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí dókítà ń fi sétí, ẹ fọwọ́ kan ẹyinjú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tún padà wá gbọ́ ọkàn náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó dájú jù ni kí ara rẹ̀ ti gan. Bí olówó ajá bá wà níbẹ̀, ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, pé ìtọ̀ lè dà, kó má baà rò pé ó ń jìyà.

Ajá tó bá gé ènìyàn jẹ, ìyẹn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àdúgbò á ti gbé pákó, wọ́n á fọ́ orí rẹ̀. Orí yẹn gan-an la nílò! Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ àrùn dìgbòlugi wò, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ìwádìí ìjọba ní Vom lẹ́bàá Jos. Bí ajá náà bá dá ṣáká, ẹ tì í mọ́lé, kí dókítà máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ẹni tí ó gé jẹ kò ní dúró de ìyẹn: kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Pípa ajá ìgboro ní ìpakúpa kò sì tíì lé dìgbòlugi lọ níbì kankan. Gbígún ajá lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń lé e, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àjọ ìlera àgbáyé ń bèèrè.

Òkú tó ní pentobarbital lára kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ààtàn. Iná ìdáná kì í mú un kúrò nínú ẹran. Ní 2017, wọ́n kó oúnjẹ ajá inú agolo kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n bá a nínú rẹ̀. Igún tó bá jẹ nínú òkú náà lè bá a lọ, bẹ́ẹ̀ igún tí à ń rí lórí òrùlé nígbà kan ti di ọ̀wọ́n. Ẹ sun ún, tàbí kí ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn.

Kí ẹ sì má fi iṣẹ́ yìí lé ẹnì kan lọ́rùn lójoojúmọ́ torí pé ó lọ́kàn. Níbi tí mo wà báyìí, a máa ń gbà á ṣe ni. Ẹni tó bá ṣe é láàárọ̀ kì í ṣe é mọ́ lọ́jọ́ náà. Á kọ ọ́ sínú ìwé, á fọ ọwọ́, á sì mú ọ̀kan nínú àwọn ajá tó kù jáde rìn títí dé ìdí igi máńgòrò.