Asẹ́ ímeèlì tó gbé lẹ́tà bọ́sà mì

Ọ̀gá bọ́sà, tó ń bójú tó owó ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ ọ́fíìsì mi ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, wọn ò kí mi. Ní Kàbà níbí, tí àgbà bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sọ pé "Òkun o", o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo gbé lẹ́tà mi sí?"

Lẹ́tà owó ìdánwò ni. Iná lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n bá fi fóònù kọ ọ́ láti inú àpótí Yahoo tiwọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo olórí ẹ̀ka. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ̀bi mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo fi SpamAssassin sórí sáfà ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀ ti pọ̀ jù: "Àpótí yín ti kún, ẹ tẹ ibí, ẹ fi pásíwọ̀dù yín sí i." Olùkọ́ méjì ti kó sí i. Asẹ́ ni SpamAssassin. Ó ń fún lẹ́tà ní máàkì lórí àwọn àmì tó bá rí lára rẹ̀. Tí máàkì bá ti pé 5, ó kà á sí pàǹtí. Èmi ni mo fi ìkánjú sọ fún Dovecot, ètò tó ń kó lẹ́tà sínú àpótí oníkálukú, pé kó máa pa pàǹtí rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń sẹ́ ògì pàápàá kì í da èérí nù bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ń dúró dè é.

Mo gba ẹ̀dà lẹ́tà náà lórí fóònù wọn, mo fi `spamassassin -t` yẹ̀ ẹ́ wò. FREEMAIL_FROM: ó wá láti àpótí ọ̀fẹ́. LOTS_OF_MONEY: ó dárúkọ owó ńlá. Èyí tó wá dùn mí ni ọ̀kan nínú àwọn ADVANCE_FEE, òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn 419. Mílíọ̀nù náírà, àkáǹtì báńkì, ẹ tètè san án: bọ́sà wo ni kì í kọ irú ẹ̀?

Nísàlẹ̀ ni mo rí URIBL_BLOCKED, ìyẹn ni pé wọ́n ti dínà mọ́ ìbéèrè wa. 8.8.8.8, sáfà DNS ti Google tí gbogbo ayé ń lò, ni sáfà wa ń gbà bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú orúkọ ojúlé burúkú, wọn kì í sì í dá ẹni tó bá gba ibẹ̀ wá lóhùn, nítorí èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo fi Unbound, ètò DNS, sórí sáfà fúnra rẹ̀ kó lè máa bèèrè láìgba ọ̀dọ̀ Google, ó parí.

Ẹ̀kọ́ Bayes, apá asẹ́ tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ ìyàtọ̀ pàǹtí àti lẹ́tà gidi, ló gba àkókò. Kò ní sọ̀rọ̀ àfi tó bá ti rí pàǹtí 200 àti lẹ́tà gidi 200. Pàǹtí kò wọ́n wa. Ti gidi ni wàhálà, ta ló fẹ́ kí n tú lẹ́tà òun wò? Mo bẹ àwọn òṣìṣẹ́ títí kí wọ́n máa da èyí tí kò bá ní àṣírí sínú fódà kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe `sa-learn --ham`, àṣẹ tó ń fi lẹ́tà gidi kọ́ Bayes, gẹ́gẹ́ bí root, orúkọ ọ̀gá sáfà. Nígbà tí mo wo `--dump magic` pẹ̀lú orúkọ tí asẹ́ fi ń ṣiṣẹ́, nham, iye lẹ́tà gidi tó ti kọ́, jẹ́ 0. Mo ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti àárọ̀! Mo tún un ṣe, mo sì yí Sieve, òfin tí Dovecot ń tẹ̀lé, padà kó máa kó pàǹtí sínú fódà Junk dípò kó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà owó mìíràn wọlé láti Yahoo kan náà: BAYES_00, ìyẹn ni pé Bayes gbà pé lẹ́tà gidi ni, máàkì -1.9 lórí ìyẹn nìkan.

"Òkun o," ni bọ́sà wí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dúró díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé o ń ka lẹ́tà mi ṣá?"