Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù Ìfẹ́ Tí Wọ́n Yọ Látinú Ìwé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ìwé ṣáà dáa ju fíìmù lọ" pa yín lẹ́nu mọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè sọ ohun tí wọ́n rí gan-an. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo sì fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Bí oníbàárà bá gbé ìró àtijọ́ ìyá rẹ̀ wá pé kí n fi rán gáùnù, kò ní bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe ìró mọ́. Ohun tó máa bi mí ni pé ṣé ó bá ara òun mu, àti pé ibo ni èyí tó ṣẹ́ kù wà. Ìbéèrè méjèèjì yẹn náà ni mo fi ń wo fíìmù ìfẹ́ tí wọ́n bá yọ látinú ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù kí ẹ tó ka ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà á bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ìwé tán ti fúnra rẹ̀ ya àwòrán olólùfẹ́ méjèèjì sọ́kàn. Tó bá wá débi fíìmù, ojú òṣèré ni yóò máa bá jà: "Ti inú ìwé ò pupa tó báyìí." "Èyí ti kúrú jù." Kó tó gbà fún wọn, ibi tó dùn ti kọjá. Ẹni tó bá ti fíìmù bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ìwé á máa fi kún un fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà látìgbà ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ yín ò tíì bàjẹ́: ẹ má ṣáà tún un kà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wo fíìmù.

Ó Le Kú ni mo máa ń fi kọ́ èèyàn, torí pé Yorùbá ni tinú tẹ̀yìn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé náà jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ni ìyá rẹ̀ ń yọ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wá wò. Ó rí Àṣàkẹ́, ó rí Lọlá, ó tún rí Ṣadé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ẹ lọ wò ó fúnra yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá ni ohun tí fíìmù lè ṣe tí ìwé ò lè ṣe. Òǹkọ̀wé lè sọ pé arẹwà kan wọ ìró àti bùbá kọjá, ó parí síbẹ̀. Fíìmù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ yan aṣọ yẹn, kó wọ̀n ọ́n, kó gé e, kó rán an. Nínú Ó Le Kú, wọ́n padà sí aṣọ àwọn ọdún 1970: ìró tó mọ ní orúnkún, bùbá tó kúrú, tí apá rẹ̀ náà kúrú. Ẹ dá fíìmù dúró níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà bá ti fẹ́ jókòó. Obìnrin tó ró ìró kúkúrú kì í jókòó bí ẹni tó ró èyí tó délẹ̀. Á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ etí ìró mọ́ itan, á pa orúnkún pọ̀, á wá yí ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni lójú ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó la ẹnu. Odidi ojú ewé ni òǹkọ̀wé á lò kó tó sọ ọ́ tán, kò sì ní dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìwé jáde, aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ lọ sí ọjà ni. Fíìmù ló sọ ọ́ di àṣà tó ní orúkọ. Lẹ́yìn 1997, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wá bá aránṣọ pé "Olékú" ni kó rán fún wọn, títí dòní la sì ń rán an. (Àwọn tó ń rán bùbá tó kọjá ìgbáròkó tí wọ́n ṣì ń pè é ní Olékú, ẹ bá mi bi wọ́n pé fíìmù wo ni wọ́n wò.)

Tí ẹ bá wo aṣọ tán, ẹ wo ọwọ́. Fíìmù òyìnbó kan wà tí Joe Wright ṣe ní 2005 látinú Pride and Prejudice, ìwé tí Jane Austen tẹ̀ jáde ní 1813. Elizabeth, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Darcy, olówó agbéraga kan, fọwọ́ ràn án lọ́wọ́. Darcy ò sọ nǹkan kan. Ó yíjú padà, ó ń lọ, kámẹ́rà wá lọ bá ọwọ́ rẹ̀: ó na ìka márààrún jáde, ó tún sọ wọ́n sílẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá. Ìyẹn ò sí nínú ìwé rárá, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá, torí ó sọ fún wa pé agbéraga yìí ti kó sọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ní kò rẹwà tó láti wu òun. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ohun tí wọ́n fi kún un, ẹ má tíì pariwo. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, àti pé ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ìwé.

Ká wá síbi tó ń dùn mí báyìí. Fíìmù ò mọ bí a ṣe ń ronú. Fíìmù yẹn kan náà ni mo fẹ́ lò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Darcy sọ fún Elizabeth pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, inú ilé pásítọ̀ ni nínú ìwé. Fíìmù gbé e lọ sínú òjò, lábẹ́ ilé olókùúta kan, aṣọ àwọn méjèèjì rin gbingbin. Òjò yẹn ò bí mi nínú. Lẹ́tà ló bí mi nínú. Nínú ìwé, Darcy kọ lẹ́tà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi orí kan. Orí tó tẹ̀ lé e, Elizabeth nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ka lẹ́tà, ó ń tún un kà, ojú ń tì í, ó ń rí i pé òun ò tíì mọ ara òun rí. Níbẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti fìdí múlẹ̀, kò sì sí ọkùnrin kankan nítòsí. Nínú fíìmù, ohùn Darcy la gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìtàn ti kọjá lọ. Nígbà tí Elizabeth wá dé Pemberley, ilé ńlá Darcy, tí ojú rẹ̀ là, ọmọ iṣẹ́ mi kan ní: "Mọ̀mí, ilé yìí ló fẹ́, kì í ṣe ọkùnrin yẹn." Mi ò lè bá a wí. Ohun tí fíìmù fi hàn án ló sọ. BBC ti fi ìwé yìí ṣe eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́fà ní 1995, wọ́n sì ráyè fún lẹ́tà náà dáadáa. Tí àkókò bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ìran lẹ́tà nínú méjèèjì tẹ̀ léra.

Àjàní náà ń jìyà irú rẹ̀. Ìwé lè mú wa wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ nígbàkigbà tó bá wù ú. Nínú fíìmù, ojú àti ẹ̀rín Yẹmí Ṣódìmú nìkan la ní, bó sì ti wù kó mọ eré ṣe tó, ojú ò lè sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe báyìí: ìgbàkígbà tó bá kúrò lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń lọ bá èkejì, ẹ dá fíìmù dúró, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó rò pé ó wà lọ́kàn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan ní ọ̀dájú ni, ọkùnrin ò ṣe é fọkàn tán. Òmíràn ní ìyá rẹ̀ ló lẹ́bi, ìyá tó ní kí ọmọ mú ìyàwó wá wéré bí ẹni ra ata. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àlùmọ́gàjí gún ara wọn. Mo ní kí wọ́n lọ wá ibẹ̀ nínú ìwé. Níbi tí àríyànjiyàn bá ti le jù ni ẹ ti máa rí ohun tí wọ́n gé kúrò.

Ẹ tún lè pa ohùn fíìmù kí ẹ sì wo ìran ìfẹ́ náà láìsí orin. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan mọ́ ju èèyàn méjì tó ń wo ara wọn, a jẹ́ pé orin ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìtàn kọ̀ láti ṣe. Púpọ̀ nínú fíìmù ìfẹ́ ló máa ń ṣubú níbí.

Ẹ ka iye àwọn èèyàn inú ìwé tí fíìmù sún sẹ́yìn náà. Half of a Yellow Sun, ìwé tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2006, bẹ̀rẹ̀ láti ojú Ugwu, ọmọ abúlé tó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Odenigbo ní Nsukka. Ojú ẹni mẹ́ta la fi ń wo ìtàn náà: Ugwu, Olanna àti Richard. Nígbà tí Bíyìí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù ní 2013, Olanna àti Odenigbo ló gbé síwájú, ìfẹ́ àwọn méjèèjì ló sì gba ilé. Mi ò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ìfẹ́ ló ń tà. Ohun tó dùn mí ni bó ṣe to àwọn ọdún náà tẹ̀ léra. Ìwé ń fò látìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 lọ síparí wọn, ó tún ń padà sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé a ti mọ̀ pé nǹkan ti dàrú láàárín Olanna àti Kainene, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, kí a tó mọ ohun tó dà á rú. Ọkàn ẹni á máa ṣe hàà. Fíìmù sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, hàà yẹn sì lọ. Ẹ wò ó dáadáa nínú fíìmù yòówù kó jẹ́: kí ni ìwé fi pa mọ́ fún wa, ìgbà wo ni fíìmù sì tú u síta?

Òpin ìtàn ńkọ́? Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Fíìmù 2005 yẹn ní òpin méjì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ bàbá Elizabeth ló parí sí, bàbá ti fọwọ́ sí i, inú rẹ̀ ń dùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ìran kan kún un níbi tí tọkọtaya ti ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lóru ní Pemberley. Ìwé kan ṣoṣo ni Austen kọ o.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó pọ̀, ẹ má pọ̀ jù, kí ẹ sì pín iṣẹ́. Kí ẹnì kan máa ṣọ́ aṣọ, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọwọ́ àti ojú, kí ẹnì kan máa ṣọ́ orin. Ẹni tó mọ̀wé kà jù ni kí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì pa ẹnu mọ́ títí ẹ ó fi dá fíìmù dúró, torí irú wọn ló máa ń ba eré jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìran kan péré, ẹ ka ojú ewé rẹ̀ sókè, ẹ tún ìran yẹn wò. Ẹ má dán gbogbo ìwé wò lálẹ́ ọjọ́ kan, oorun á gbé yín.

Tí ẹ bá parí Ó Le Kú, ẹ bọ́ sórí Dazzling Mirage, tí Kèlání ṣe ní 2014 látinú ìwé Ọláyínká Egbòkhàrè. Fúnmiwò ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ó sì ń wá ìfẹ́ bíi gbogbo èèyàn. Èyí nìkan ni mo máa ní kí ẹ pe ẹnì kan kún ẹgbẹ́ yín fún: ẹni tó ní àìsàn náà, tàbí tó ti bá wọn sùn sí ọsíbítù. Òun ni kẹ́ ẹ fún ní rìmóòtù.